Ẹ Yí Ewé Náà Padà

Pobè, ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà, 1962

Basile ọmọ mi, Àjàní,

Mo kí ọ kú òwúrọ̀, nítorí òwúrọ̀ ni mò ń kọ eléyìí. Bó bá jẹ́ alẹ́ ni ìwé bá ọ, tọ́jú kíkí náà di ọ̀la. Ara wa ò le jù, kò sì burú jù. Ìyá rẹ Àbẹ̀ní kí ọ. Ewúrẹ́ rẹ̀ bí ìbejì, ọ̀kan kú.

Oṣù mẹ́sàn-án rèé tí a ti gbúròó rẹ gbẹ̀yìn. Ṣé kálámù ni ò sí ní Sẹ̀nẹ̀gàlì, àbí ọwọ́? Èmi tí mo lo oṣù mẹ́jọ péré lọ́dọ̀ katikísì, olùkọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, kí bàbá mi tó fi pàṣán lé mi padà sóko, èmi náà ni mo jókòó yìí tí mò ń fọwọ́ ara mi kọ̀wé sí ọ. Mi ò bẹ akọ̀wé. Fálúyì kì í bẹ akọ̀wé. Mo gbé ẹrù lórí ní gáà ọkọ̀ ojú irin Sakété nígbà tí ọkọ̀ náà ṣì ń jẹ igi. Ọkọ́ kan ni mo fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún yá mi ni. Lónìí, kò sí obìnrin tó ń ra ilá lọ́jà Pobè tí kì í kọ́kọ́ béèrè pé, "Ṣé ti Fálúyì ni?" Bí wọ́n bá ní rárá, á ju ilá sílẹ̀, á gbọn ọwọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Sakété. Àwọn ará Àjàṣẹ́ ń wọ ọkọ̀ wá rà á. Ta ló kọ́ mi? Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi.

Gbọ́ ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé. Ewé ilá mi ń ṣàìsàn. Àwọn tó wà lórí ká kò bí ọwọ́ arúgbó, wọ́n sì pọ́n bí ìyeyè. Igi tó bá ti mú, kò ní ga mọ́, á kàn dúró síbẹ̀ máa wò mí.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. O rántí akèrègbè irúgbìn tí mo máa ń so kọ́ òkè ààrò. Lọ́dún yìí, òrùlé ilé ìdáná jò, òjò àkọ́rọ̀ wọ inú rẹ̀, irúgbìn bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Kó má baà jẹrà, mo kó gbogbo rẹ̀ gbìn. Gbogbo rẹ̀, Basile. Kò ku ẹyọ kan nílé. Ilá tí ìyá mi mú láti Sakété wá nígbà tí wọ́n gbé e níyàwó, ilá tó ń ga ju ọkùnrin lọ, tó ń so títí ẹ̀ẹ̀rùn fi ń parí, inú oko kan ṣoṣo yẹn ló dúró sí. O sì mọ̀ mí. Èyí tó rọ̀ ni mo máa ń tà. Mi ò jẹ́ kí èyí tó gbó jáde nílé mi rí, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i gbìn. Bí èyí bá kú, ó tán nílẹ̀ wa nìyẹn.

Ṣóbándé, ọmọ Ìlaró tó ń ṣiṣẹ́ ní oko ọ̀pẹ ìjọba níbí, gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ n bá yín wo ewé yẹn." Mo ní, "Ṣé ọ̀pẹ ni mo gbìn?" Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo ní ọmọ mi ni dókítà ewé ní Sẹ̀nẹ̀gàlì, pé ẹni tó bí alágbẹ̀dẹ kì í yá ọ̀bẹ. Ó fi ẹsẹ̀ sí kẹ̀kẹ́, ó lọ.

Nítorí náà, dókítà, dá mi lóhùn. Má jẹ́ kí n tẹ́ lójú ọmọ Ìlaró.

Èmi ni, Fálúyì, bàbá rẹ.


Kaolack, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù keje, 1962

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti ọ̀nà jíjìn yìí. Mo kí ìyá mi, mo bá wọn kẹ́dùn ọmọ ewúrẹ́. Ẹ má bínú sí ìdákẹ́ mi. Iṣẹ́ oko ìwádìí yìí kì í jẹ́ kí èèyàn gbórí sókè. Àwa mònítẹ̀, tí a ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ohun ọ̀gbìn, a máa ń jí ṣáájú oòrùn.

Wọ́n ń jẹ ilá níbí náà. Kánja ni wọ́n ń pè é, wọ́n ń fi epo àti ẹja gbígbẹ sè é, kò sì dà bí ti ìyá mi.

Ẹ gbọ́, Bàbá. Ewé pípọ́n kì í ṣe àìsàn kan ṣoṣo. Ibà ń dá èèyàn dùbúlẹ̀, inú rírun náà ń dá èèyàn dùbúlẹ̀, oògùn wọn kì í ṣe ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan mẹ́rin, kí ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó fèsì.

Èkíní, ṣé ewé ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ pọ́n ni àbí ti orí? Bó bá jẹ́ ti ìsàlẹ̀, ebi ló ń pa ilẹ̀, ẹ da ìgbẹ́ ewúrẹ́ tó ti jẹrà sí i. Èkejì, ẹ yí ewé náà padà, ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Ṣé àwọn eṣinṣin funfun kéékèèké kan wà níbẹ̀ tó máa ń fò sókè bí ìyẹ̀fun tí ẹ bá gbọn igi? Àwọn yẹn ni wọ́n ń mu omi ara rẹ̀, wọ́n sì ń gbé àìsàn láti orí igi kan dé orí òmíràn, bí ẹ̀fọn ṣe ń gbé ibà. Ẹ̀kẹta, ṣé funfun kan wà lójú ewé tí ẹ lè fi ìka nù kúrò? Èyí tún yàtọ̀. Ẹ̀kẹrin, ẹ fa ẹyọ kan tu, ẹ wo gbòǹgbò rẹ̀ bóyá ó so kókó kókó bí ìlẹ̀kẹ̀.

Kí èsì mi tó dé, ẹ po ọṣẹ dúdú díẹ̀ mọ́ omi, ẹ fi wọ́n abẹ́ ewé ní àárọ̀ kùtù. Abẹ́ rẹ̀, Bàbá, kì í ṣe ojú rẹ̀. Ẹ yí ewé náà padà. Abẹ́ ibẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ wà.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ló dé tí àwọn ìlà ìwé yín fi ń gun ara wọn? Ṣé inú ọkọ̀ lẹ ti kọ ọ́ ni?

Ọmọ yín, Basile.


Pobè, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹjọ, 1962

Basile,

Ìwé rẹ dé. Mo kà á fúnra mi. Ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́ta nítorí pé o kọ ọ́ wẹ́wẹ́ bí ẹsẹ̀ èèrà. Àwọn ènìyàn ńlá kì í kọ̀wé wẹ́wẹ́. Nípa ti ìlà mi, tábìlì ló ń mì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Ṣé ìyẹn náà wà nínú iṣẹ́ mònítẹ̀?

O bi mí bí adájọ́ ṣe ń bi olè. Mo ti ń gbin ilá kí wọ́n tó fẹ́ ìyá rẹ fún mi. Ṣùgbọ́n mo dáhùn, kí o má baà wí pé bàbá rẹ ò gbọ́ràn.

Ti orí ló kọ́kọ́ pọ́n. Mo yí ewé padà, mo wo abẹ́ rẹ̀, ó mọ́ tónítóní bí abọ́ ọjọ́ ọdún. Ìyá rẹ ní eṣinṣin wà níbẹ̀. Mo ní, "Níbo?" Ó ní, "Àwọn náà nìyí, wọ́n pọ̀ lọ!" Mo ní, "Àbẹ̀ní, níbo?" Ó ní, "Ọ̀kan bà lé yín lọ́wọ́ yẹn!" Mo wo ọwọ́ mi. Ọwọ́ mi ni mo rí. O mọ ìyá rẹ, tó bá rí ejò kan, méjì ló máa sọ.

Ti funfun, òótọ́ ni, funfun wà. Ó bo ojú ewé bí ìyẹ̀fun. Mo fi ìka nù ún, kò kúrò. Kì í tiẹ̀ ṣe ilá nìkan. Ó wà lára ẹ̀gẹ́, ó wà lórí òrùlé, láti ìgbà ọdún Àjíǹde ni mo ti ń rí i lójú àwọn èèyàn lọ́jà. Lọ́sàn-án gangan, ó máa ń dà bíi pé wọ́n ń dáná láàrin poro. Mo rò pé eruku ọ̀nà tuntun tí ìjọba ń là ni. Láti ìgbà tí a ti gba òmìnira, ilẹ̀ ni wọ́n ń gbẹ́ kiri.

Mo fa ẹyọ kan tu gẹ́gẹ́ bí o ṣe wí. Ìyá rẹ ló tọ́ka sí i pé ẹni tí ara rẹ̀ ò yá nìyí. Ó jáde wẹ́rẹ́ bí eyín ọmọdé. Kò sí kókó lára gbòǹgbò rẹ̀.

Ó ku ẹ̀sùn tèmi. Ọjọ́ tí ò ń lọ, mo so ìkúnwọ́ irúgbìn kan mọ́ etí gèlè ìyá rẹ fún ọ. Mi ò fún ọmọ ènìyàn kankan rí, àfi ìwọ. O kọ ìwé kánja, o kọ ìwé ẹja gbígbẹ, o ò kọ ọ̀rọ̀ kan nípa rẹ̀. Sọ fún mi bí ilá ìyá mi ṣe ga tó ní Sẹ̀nẹ̀gàlì, kí n lè fi gbá wọn lẹ́nu lọ́jà.

Ṣóbándé tún kọjá. Mo gbọ́ dídún kẹ̀kẹ́ rẹ̀, mo sì ti mọ̀ pé òun ni. Mo kọ ẹ̀yìn sí i.

Fálúyì.


Kaolack, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹsàn-án, 1962

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí ìyá mi. Ilá yín wà dáadáa níbí. Ó ga jù mí lọ. Àwọn ọ̀gá mi ń dúró wò ó.

Mo ro ọ̀rọ̀ yín síwá sẹ́yìn. Tí abẹ́ ewé bá mọ́, a jẹ́ pé àwọn eṣinṣin náà ti ṣe tiwọn, wọ́n ti lọ. Ti funfun tó wà lára òrùlé àti lójú èèyàn kò yé mi. Bóyá eruku náà ni.

Igi tí àìsàn yìí bá ti wọ̀ lára, oògùn kan ò sí fún un mọ́. Ohun tó kù ni kí ẹ gba àwọn tó ṣẹ́kù là. Ẹ rìn poro kọ̀ọ̀kan. Igi tí iṣan ewé rẹ̀ bá ti pọ́n, tí orí rẹ̀ bá ká kò, ẹ fà á tu lójú ẹsẹ̀, ẹ má jù ú sínú oko, ẹ sun ún. Èyí tí ewé rẹ̀ bá dúdú, tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ fi í sílẹ̀. Nínú àwọn wọ̀nyẹn, ẹ ṣa èyí tó dára jù, ẹ so okùn pupa mọ́ ọn lọ́rùn, ẹ má ká èso rẹ̀, kó gbó fún irúgbìn. Ẹ ṣe é kí òjò tó dá.

Ẹ má jẹ́ kí Ṣóbándé dá sí i. Àwọn elépo ọ̀pẹ ò mọ ti ilá. Ohun tí mo kọ yìí tó.

Ọmọ yín, Basile.


Pobè, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá, 1962

Àjàní,

Èmi ìyá rẹ ni mò ń sọ̀rọ̀, Ṣóbándé ló ń bá mi kọ ọ́. Ọ́fíìsì rẹ̀ ní oko ọ̀pẹ la wà. Bàbá rẹ rò pé ọjà ni mo lọ. Mo kí ọ, ọmọ mi. Ṣé ò ń jẹun?

Ìwé rẹ dé lọ́jọ́ Ajé. Bàbá rẹ gbé e sún mọ́ ojú títí ìwé fi kan imú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó mú okùn pupa, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tẹ̀lé òun wọ inú oko, iṣẹ́ dókítà ni. Mo ní, "Bàbá Basile, ẹ jẹ́ n máa bá yín tọ́ka sí i." Ó ní, "Àbẹ̀ní, ṣé ìwọ lo bí mi ni?" Mo lọ se oúnjẹ rẹ̀.

Àwọn tó ń re ọjà dúró sí etí ọ̀nà, wọ́n ń wò ó. Ó ń kígbe sí wọn láti inú poro pé, "Ẹ wá wo oògùn Sẹ̀nẹ̀gàlì! Ẹ wá wo iṣẹ́ ọmọ Fálúyì!" Ṣóbándé yìí wà níbẹ̀. Ó sọ kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó pariwo pé, "Bàbá, ẹ dúró! Èyí tó dára lẹ̀ ń fà tu!" Bàbá rẹ ní, "Ṣé ọ̀pẹ ni?" Àwọn èèyàn tún rẹ́rìn-ín. Ó ń fà, ó ń fà. Ó ń kó wọn sínú iná.

Nígbà tí mo gbé oúnjẹ dé lọ́sàn-án, iná ti fẹ́ẹ̀ kú. Gbogbo apá odò, níbi tí ilá ti dúdú bí aṣọ aró, ti di eérú. Àwọn tó kù lóòró ni àwọn tó ká kò, tó pọ́n. Mẹ́tàdínlógún nínú wọn ló so okùn pupa mọ́ lọ́rùn. Ó ń fọwọ́ pa wọ́n lórí. Ó ní, "Wò wọ́n, Àbẹ̀ní. Ṣé o rí bí wọ́n ṣe mọ́?"

Mo ní, "Mo rí i."

Kí ni kí n wí? Ìwọ náà sọ fún mi.

Àjàní, bàbá rẹ ò ríran. Mo ti mọ̀ láti ìgbà ọdún Àjíǹde, ó sì ti kà á léèwọ̀ pé kí n má ṣe sọ ọ́. Ojú rẹ̀ funfun bí omidùn. Ó ń tọ ògiri rìn dé ilé ìwẹ̀. Ìjẹta, ó kí òpó ilé kú ìrọ̀lẹ́, ó sì ń bínú pé kò dá òun lóhùn. Funfun tó ń kọ sí ọ, kò sí lára ewé kankan.

Ó jókòó sí iwájú ilé báyìí, ó ń retí irúgbìn lára àwọn tó so okùn mọ́. Kò mọ̀. Ojoojúmọ́ ló ń bi mí bí wọ́n ṣe ń ṣe. Mo ní wọ́n ń ṣe dáadáa. Irọ́ náà ti ń wọ̀ mí lọ́rùn.

O ní ilá tó wà lọ́dọ̀ rẹ ga jù ọ́ lọ. Mo bẹ̀ ọ́, ká èyí tó gbó, fi ránṣẹ́ kíákíá. Bó bá ní irúgbìn náà lọ́wọ́, bóyá n ó lè sọ ìyókù fún un.

Ìyá rẹ, Àbẹ̀ní.

Basile, àbúrò mi, èmi Ṣóbándé tó ń kọ ìwé yìí fi ọ̀rọ̀ tèmi kún un. Ìyá yín ò mọ̀ pé mo kọ ọ́. Ẹnìkan tí a jọ kọ́ṣẹ́ wà ní oko ìwádìí yín. Ní oṣù kẹjọ, mo kọ̀wé bi í nípa ọmọ Fálúyì tó jẹ́ mònítẹ̀, kí èmi àti ìwọ lè jọ sọ ọ̀rọ̀ ewé yìí. Ó ní òun ò mọ mònítẹ̀ kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní Basile kan wà tó ń gbálẹ̀. Mi ò tíì sọ fún bàbá yín. Ìwọ ló yẹ kó sọ ọ́.


Kaolack, ọjọ́ kejì oṣù kejìlá, 1962

Bàbá mi, ìyá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀. Mi ò dìde.

Ẹ̀gbọ́n Ṣóbándé, mo bẹ̀ yín, ẹ ka eléyìí sí bàbá mi létí. Ẹ má fo ìlà kankan.

Bàbá, èmi kì í ṣe mònítẹ̀. Èmi ni mò ń gbá iwájú ọ́fíìsì, mò ń fọ ìgò, mò ń da omi sí ìdí òdòdó àwọn ọ̀gá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ̀wé sí yín pé mo ríṣẹ́ ní oko ìwádìí, ẹ dáhùn pé ẹ ti lọ sọ fún gbogbo Pobè pé ọmọ yín di dókítà ewé. Ó ti dé ọjà kí n tó lè tún un ṣe. Ìyẹn ló fà á tí mi ò fi ń kọ̀wé mọ́.

Ohun tí mo kọ sí yín nípa ewé kì í ṣe irọ́. Mònítẹ̀ kan ni mo lọ ń bi. Mo máa ń di ìgbálẹ̀ mú bíi pé iṣẹ́ ni mò ń ṣe, mo máa ń bi í ní ọ̀kan, mo tún gbálẹ̀ díẹ̀, mo tún bi í ní òmíràn. Ṣùgbọ́n ó sọ ohun kan tí mi ò kọ. Ó ní, "Kí bàbá rẹ tó fa igi kan tu, kí ó mú ẹlòmíràn dání tó máa bá a wò ó. Ojú ẹnìkan ò tó. Ṣé ẹnìkan wà nítòsí wọn tó mọ̀ nípa ohun ọ̀gbìn?" Mo mọ̀ pé Ṣóbándé wà. Mo bẹ̀rù pé bó bá wọ inú ọ̀rọ̀ náà, á mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Mo fi ìlà yẹn sílẹ̀, mo sì kọ ìlà mìíràn dípò rẹ̀. Ẹ mọ èyí tí mo kọ.

Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín ohun tó wà nínú oko. Mi ò lè kọ ọ́. Ìyá mi ti rí i.

Irúgbìn tí ẹ so mọ́ etí gèlè, mi ò gbìn ín. Oṣù kẹta tí mo dé ibí, mi ò tíì ríṣẹ́, mi ò mọ ẹnikẹ́ni. Mo yan án lórí iná, mo lọ̀ ọ́, mo fi omi gbígbóná pò ó bí kafé, mo mu ún fún ọjọ́ mẹ́rin. Kò ku ẹyọ kan. Ilá tó ga jù mí lọ, inú ìwé nìkan ló hù sí.

Ẹ mú bàbá mi lọ bá dókítà ojú. Mo bẹ̀ yín.

Basile.


Pobè, ogúnjọ́ oṣù kìíní, 1963

Àjàní,

Èmi Fálúyì ni mò ń sọ̀rọ̀. Ṣóbándé ló ń kọ ọ́. Mo ti sọ fún un pé kó kọ ọ́ bí mo ṣe wí i, kó má bá mi tún un ṣe. Ó ní ó dáa. Kọ ìyẹn náà, Ṣóbándé.

Wọ́n ka ìwé rẹ sí mi létí. Ṣóbándé fẹ́ dúró níbi ti ìgbálẹ̀, mo ní kó máa kà á lọ. Ìyá rẹ wá fẹ́ sọ ti oko fún mi. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń sunkún. Mo ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu.

Mo mọ̀, Basile.

Ìwọ lo ní kí n fa ẹyọ kan tu nígbà kan, tí mo ní ó jáde wẹ́rẹ́ bí eyín ọmọdé. Ọwọ́ mi ò gbàgbé. Lọ́jọ́ yẹn, èyí tí mo kọ́kọ́ gbá mú nínú oko, ó di ilẹ̀ mú. Ó di ilẹ̀ mú bí ọmọ ṣe ń di aṣọ ìyá rẹ̀ mú. Mo fi gbogbo ẹ̀yìn mi fà á. Mo ní bóyá ìyẹn nìkan ni. Èkejì ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo da ìdì kẹta sínú iná, iná kọ̀ ọ́. Ó ń sunkún, ó ń yọ èéfín tútù. Igi tó ń ṣàìsàn kì í ní omi tó bẹ́ẹ̀ nínú. Mo dúró. Ìgbà yẹn ni Ṣóbándé pariwo. Gbogbo àwọn ará ọjà wà lójú ọ̀nà, mo sì ti pè wọ́n pé kí wọ́n wá wo iṣẹ́ ọmọ mi. Bí mo bá dáwọ́ dúró, kí ni mo máa sọ fún wọn? Mo ní, "Ṣé ọ̀pẹ ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo sì fa ìyókù tu.

Okùn pupa tí mo so, mo so ó nítorí pé wọ́n ń wò mí. Nígbà tí mo bi ìyá rẹ bóyá wọ́n mọ́, mo mọ ohun tó yẹ kó dáhùn. Ó ní òun rí i. Ojoojúmọ́ ni mo fi ń bi í, kó lè rí nǹkan sọ fún mi.

Nítorí náà má gbé gbogbo rẹ̀ ru ara rẹ. Irọ́ rẹ àti irọ́ mi, iná kan náà ló jó wọn, èmi ni mo sì dáná náà.

Ti irúgbìn tí o mu. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ìyá mi náà yan án mu lọ́dún tí eéṣú jẹ oko wa. Ṣùgbọ́n ó máa ń fi ìkúnwọ́ kan pamọ́ sábẹ́ ẹní. Èmi ni mi ò kọ́ ọ ní ìyẹn. Mo kọ́ ọ bí a ṣe ń yin ara ẹni, mi ò kọ́ ọ bí a ṣe ń fi nǹkan pamọ́.

Ṣóbándé mú mi wọ ọkọ̀ ojú irin lọ Àjàṣẹ́. Dókítà tan iná sí mi lójú, wọ́n ní ó mọ́lẹ̀, mi ò bá wọn jiyàn. Ó ní ọ̀tún ti kú, òsì ń tẹ̀ lé e. Ó ní bí mo bá ti wá nígbà tí mo kọ́kọ́ rí funfun náà, òun ì bá rí nǹkan ṣe. Ó ní kí ló dé tí mi ò wá. Mo ní mo rò pé ewé ni.

Nínú àwọn mẹ́tàdínlógún tí mo so okùn mọ́, mẹ́rin ló so, èso wọn wọ́ bí ìka alárùn. Mo fi ọwọ́ ara mi là wọ́n, mo yọ irúgbìn wọn. Ọ̀pọ̀ ló ṣófo. Mo da wọ́n sómi, àwọn tó léfòó, mo dà wọ́n nù. Méje ló rì. Ṣóbándé ní àìsàn yẹn kì í sábà gbé inú irúgbìn, pé àwọn eṣinṣin ni wọ́n ń gbé e kiri, ṣùgbọ́n òun ò lè búra. Mo fún un ní mẹ́ta kó lọ gbìn ín síbòmíràn. Má pariwo pé mo fún un. Kò sí ẹni tó ń fọwọ́ ka irúgbìn bí mi ní gbogbo Pobè, bí wọ́n bá fẹ́ kí wọ́n lọ béèrè.

Mẹ́rin tó kù, oṣù kẹrin ni mo máa gbìn wọ́n. Ìyá rẹ ni yóò máa yí ewé padà ní àárọ̀. Èmi yóò dúró tì í. Ohun tó bá ní òun rí, mo rí i nìyẹn.

Bó bá ṣe é ṣe, wá. Ojú mẹ́rin sàn ju méjì lọ. Bí kò bá ṣe é ṣe, gbá ilẹ̀ ibẹ̀ dáadáa. Gbá a tó fi jẹ́ pé bí àlejò bá dé, á béèrè pé, "Ṣé ọmọ Fálúyì ló gbá ibí?"

Fálú


Basile, àbúrò mi, bàbá yín ní kí n gbé kálámù fún òun, pé òun ni yóò fọwọ́ ara òun kọ orúkọ òun, torí pé Fálúyì kì í bẹ akọ̀wé. Mo gbé e fún wọn. Díẹ̀ nínú orúkọ náà ló bọ́ sórí ìwé yìí. Ìyókù wà lórí tábìlì mi. Mi ò nù ún.

Ṣóbándé.